Kí Bátìrì Kún, Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Bàbá Odile kì í fi fóònù pe ènìyàn. Nígbà tí ó ṣì wà nínú ilé tirẹ̀, bí fóònù bá ń dún, yóò jókòó tì í títí yóò fi dákẹ́, á ní ẹni tó bá nílò òun mọ ọ̀nà ilé. Nítorí náà, nígbà tí Odile gbọ́ ohùn rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, bí ó ti ń fọ abọ́ oúnjẹ àárọ̀, àyà rẹ̀ já.

"Odile. Èmi ni."

"Bàbá? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí. Orí mi pé lónìí. Nọ́ọ̀sì ní kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rù má baà bà ọ́." Odile ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. "Mi ò bínú mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Wá mú mi lọ sí èbúté, ká jókòó sínú ọkọ̀ rẹ níbẹ̀, kí n sọ ọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀ o. Wọ́n ní bí oòrùn bá ti wọ̀, orí mi kì í sí nílé mọ́. Mo sì gbà wọ́n gbọ́."

Ó gbé fóònù sílẹ̀ láìsọ pé ó dàbọ̀. Bí ó ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn.

Odile dúró síbẹ̀, ọṣẹ ń kán láti ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tí ewé ti ń wọ́ dànù kò tíì gbọ́ ohùn yẹn. Adélard Bérubé, bàbá rẹ̀, ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pẹja ní Anse-à-Mercier, níbi tí odò Saint-Laurent ti fẹ̀ débi pé ojú kò tó òdìkejì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n bá a létí omi láìwọ bàtà, ìkòkò òfìfo sì ń jó lórí iná nílé rẹ̀. Odile ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Òun ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà lókè abúlé. Lọ́jọ́ tí ó mú un débẹ̀, bàbá wo àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní, "Ẹ wá wo ọmọ tí mo bí," ó sì kọjú sí ògiri. Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí Odile bá lọ kí i, á di ojú bí ẹni tó ń sùn. Nígbà tó yá, Odile náà ò lọ mọ́.

"Ó ní òun ò bínú mọ́," ni ó sọ fún Rosaire, ọkọ rẹ̀, tí ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun rẹ̀ kiri.

"Adélard? Kí ni wọ́n fi sínú kọfí rẹ̀ níbẹ̀?"

"Rosaire."

Rosaire wo ojú rẹ̀, ó sì fi wíwá kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. "Irun ò ní tìtorí ọjọ́ kan dẹ́kun híhù. Wọ kóòtù rẹ. Ìwọ lo máa wà á, àbí?"

"Èmi ni mo máa wà á."

Wọ́n kúrò ní Lévis, ìlú tí wọ́n ń gbé, kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú wọn. Ojú ọ̀run mọ́ gaara, yìnyín bo àwọn oko títí dé etí odò, oòrùn sì ń ta lórí rẹ̀ débi pé bí ẹni ń wakọ̀ gba inú ìmọ́lẹ̀ kọjá ni. Odile ronú nípa ohun tí bàbá fẹ́ sọ. Bóyá ọ̀rọ̀ nípa ìyá rẹ̀ ni, tí ó kú nígbà tí Odile ṣì kéré, tí ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ rẹ̀ nílé wọn láti ìgbà náà. Bóyá ó kàn fẹ́ sọ pé Odile ṣe rere bí ó ti fọwọ́ sí ìwé ilé ìtọ́jú náà. Ó ń fọkàn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà bí igi ti ń sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló sì dùn mọ́ ọn.

Ọkọ̀ wọn, ọkọ̀ oníná ni, kì í mu epo. Nọ́ńbà kan wà níwájú ẹni tó ń wà á tó ń sọ iye iná tó kù nínú bátìrì, nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú òtútù, nọ́ńbà yẹn máa ń yára já wálẹ̀. Odile kò fẹ́ràn láti máa wò ó. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, wọ́n fojú sí òpó ṣáàjì kan, ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gba iná, lẹ́bàá Kamouraska, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n débẹ̀, yìnyín ti bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ kú sójú títì, àwọn méjèèjì sì dì mọ́ra wọn lábẹ́ aṣọ kan ṣoṣo títí ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ tó bàjẹ́ fi dé. Láti ọjọ́ náà ni nọ́ńbà náà ti di ohun tí ń dẹ́rù bà á.

Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Rivière-du-Loup, Rosaire ti ń hanrun. Odile rí àmì òpó ṣáàjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ kan, ó yà síbẹ̀, ó fi okùn iná sára ọkọ̀, iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn. Inú rẹ̀ dùn. Ó jí Rosaire, wọ́n wọlé lọ jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Odile tilẹ̀ bèèrè fún páì pẹ̀lú, ó ní kí bátìrì náà jẹun dáadáa bí àwọn náà ti ń jẹ.

Nígbà tí wọ́n jáde, Rosaire bojú wo nọ́ńbà náà nínú ọkọ̀.

"Odile, ìyàwó mi àtàtà, ṣé o mọ irú òpó tí o gbé wa wá síbí?"

"Òpó ṣáàjì."

"Òpó àwọn tó fẹ́ sùn mọ́jú ni. Wò ó, ilé ìtura ló wà lókè ilé oúnjẹ yẹn. Àwọn èèyàn á so ọkọ̀ wọn mọ́ ọn, wọ́n á lọ wẹ̀, wọ́n á sùn, ilẹ̀ á mọ́, bátìrì á kún. Páì tí o jẹ yẹn wúwo ju iná tí ọkọ̀ yìí rí gbà lọ."

Odile wo nọ́ńbà náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà. "Gbogbo òpó ló jọra lójú mi."

"Wọ́n jọra. Omi ẹ̀rọ ilé wa àti omi tí àwọn panápaná ń fọ́n náà jọra. Agbára rẹ̀ ló yàtọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo ń sùn." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé Odile ń wo oòrùn, ó pa ẹ̀rín náà mọ́. "Kò tíì bàjẹ́. Èyí tó ń yára wà ní Rimouski. Ohun tó wà nínú ọkọ̀ á gbé wa débẹ̀. Tu okùn yẹn."

Wọ́n dé Rimouski pẹ̀lú nọ́ńbà tó kéré débi pé Odile ti pa ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná kó má baà jẹ iná, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kú tipiri. Òpó méjì tó ń yára ló wà lẹ́yìn ilé ìtajà ńlá kan. Wọ́n ti fi àpò ike bo ọ̀kan, ó ti bàjẹ́. Ìkejì ṣófo. Rosaire fi okùn sí i, okùn tó nípọn bí apá ọmọdé, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ amúlétutù.

Lótìítọ́, ó yára. Odile jókòó, ó ń wò ó, nọ́ńbà ń fò sókè lójú rẹ̀. Ó pe ilé ìtọ́jú náà. Noëlla ló gbé e, nọ́ọ̀sì tó máa ń wà níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

"Ó ti wọ kóòtù rẹ̀," ni Noëlla wí. "Ó ti wọ fìlà. Ó jókòó sójú fèrèsé, ó ń ka gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá. Mo ní kí ó bọ́ kóòtù, ó ní ọmọ òun kì í pẹ́."

"Ẹ sọ fún un pé a ti dé Rimouski."

"Màá sọ. Orí rẹ̀ pé o, Odile. Mi ò tíì rí i báyìí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ máa bọ̀."

Nọ́ńbà náà kọjá àádọ́ta, ó kọjá àádọ́rin. Nígbà tó di ọgọ́rin, Rosaire jí lójú oorun nínú àga rẹ̀, ó na ara rẹ̀. "Ó tó. Ká máa lọ."

"Kò tíì kún."

"Kò nílò kó kún. Èyí á gbé wa débẹ̀, á tún ṣẹ́ kù."

"Jẹ́ kó kún."

"Odile, láti ibi yìí lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bátìrì dà bí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọdún Kérésì. Àwọn tó kọ́kọ́ dé á kàn wọlé jókòó. Àwọn tó dé gbẹ̀yìn á máa wá àyè kiri, wọ́n á ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀,' wọ́n á tẹ ẹnìkan lẹ́sẹ̀. Ogún tó kù yìí lè gbà wá lásìkò ju gbogbo èyí tí a ti gbà lọ. Nínú òtútù yìí, á tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀."

Odile gbọ́ ọ. Ó sì yé e. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí ó sùn dáadáa lẹ́yìn náà: pé ó yé e. Ṣùgbọ́n ọmọ èbúté Anse-à-Mercier ni. Ní èbúté yẹn, kò sẹ́ni tó ń fi táǹkì tí kò kún lọ sójú omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn àpáta lásán ló ń lọ. Ẹni tí epo bá tán fún lójú omi, tí wọ́n fi okùn fà wálé, wọn á gbé kẹ́tùlù ògbólógbòó kan kọ́ síwájú ọkọ̀ rẹ̀, á sì wà níbẹ̀ títí ẹlòmíràn á fi ṣe irú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti tìtorí kẹ́tùlù yẹn jà. Wọn kò gbé e kọ́ sí ọkọ̀ Adélard Bérubé rí. Nígbà tí Odile wà ní kékeré, òun ló máa ń di àtùpà mú fún bàbá rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, bàbá á máa da epo títí á fi yọ lẹ́nu táǹkì, á ní, "Báyìí la ṣe ń lọ, tí a sì ń padà."

"Bí ọ̀kan tó wà níwájú bá bàjẹ́ ńkọ́?" ni ó wí. "Bí yìnyín bá bò ó? O fẹ́ kí a tún sùn sójú títì, kí Bàbá máa retí wa?"

"Òpó mẹ́fà ló wà ní Matane níwájú yẹn."

"O sọ pé ọ̀kan wà ní Kamouraska."

"Bàbá rẹ ni," ni Rosaire wí. Ó jáde lọ ra kọfí.

Ọkọ̀ pupa kékeré kan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Obìnrin àgbàlagbà kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ajá tó wọ súwẹ́tà. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá kan gíláàsì ọkọ̀ Odile.

"Màdáámù, ẹ kú ìjókòó. Huguette lorúkọ mi, ti ajá mi ni Sénateur. A ń lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Mo rí i pé tiyín ti kọjá ọgọ́rin."

"Ó kù díẹ̀ kó kún."

"Ó máa ń kù díẹ̀ kó kún láti ìsinsìnyí títí di àkókò oúnjẹ alẹ́," ni Huguette wí. "Ẹni tó bá ń dúró de ìyẹn, ibùsùn ló yẹ kó gbé wá."

"Ọ̀nà wa jìn, ìyá."

"Gbogbo wa lọ̀nà wa jìn. Ṣé Montréal lẹ ti ń bọ̀ ni? Àwọn ará Montréal ló máa ń ṣe báyìí."

"Ọmọ Anse-à-Mercier ni mí."

Huguette gbójú sókè. "Anse-à-Mercier? Èyí tó wà lẹ́yìn Matane díẹ̀ yìí?" Ó wo nọ́ńbà, ó wo Odile, ó sì rí nǹkan kan lójú rẹ̀ tí ó mú kí ó má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Ó dáa, ọmọ mi. Sénateur ò kánjú."

Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Odile gbé ọwọ́ lé ibi tí ènìyàn ń tẹ̀ láti dá iná dúró. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, gbogbo rẹ̀ ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ọ̀kan sí òmíràn ni, ó sì rò pé, ó ti ń lọ náà nìyẹn, ó ti ń lọ. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Nọ́ńbà náà ń rìn bí arúgbó lórí yìnyín. Rosaire mu kọfí tirẹ̀ tán, ó mu ti Odile pẹ̀lú. Òjìji ilé ìtajà ńlá náà ti na ara rẹ̀ kọjá ọkọ̀ wọn, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ Huguette, kí ọkọ̀ tó dún pé òun ti yó. Odile tú okùn náà fúnra rẹ̀. Kò lè wo ojú ìyá arúgbó náà. Ó kàn gbọ́ ọ tó ń sọ fún ajá pé, "Ó yá, ó kàn wá."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wá sáré. Ọ̀nà náà ń bá etí odò lọ, yìnyín léfòó lójú omi ní ègé-ègé, oòrùn sì wà lẹ́yìn wọn nínú dígí, ó pupa, ó ń tóbi sí i bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Ó rẹwà. Odile ì bá fẹ́ kó má rẹwà. Ní Matane, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n dúró tò lábẹ́ iná tiwọn, yìnyín kankan kò sí níbẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ kankan lára wọn. Rosaire yí ojú sí òdì kejì kí Odile má baà rí i pé òun rí wọn.

"Pè wọ́n," ni Odile wí.

Rosaire pè, ó gbọ́, ó ní, "Ó dáa, Noëlla. A ti dé tán." Ó fi fóònù sórí itan rẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ká rọra máa bọ̀."

Nígbà tí wọ́n yóò fi yà wọ ilé ìtọ́jú náà, ìlà pupa kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn òkè. Ohun tó ju ìdajì iná tí wọ́n gbà lọ ṣì wà nínú bátìrì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti gbá yìnyín kúrò nídìí òpó ṣáàjì kan tí wọ́n ṣe fún àwọn àlejò. Odile dúró wò ó fún ìṣẹ́jú kan, ó sì wọlé.

Noëlla pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ó dúró," ni ó wí. "Ó dúró gan-an. Kò jẹun ọ̀sán, ó ní ẹ ó lọ jẹun létí omi. Nígbà tí oòrùn dé orí òkè, ó ń béèrè yín ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun bọ́ kóòtù, pé òun ò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ fún òun."

"Ǹjẹ́ ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín? Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá mi sọ?"

"Mo bi í, torí mo rí i pé àkókò ń lọ. Ó ní ti ọmọ òun ni."

Bàbá jókòó lórí ibùsùn, irun funfun rẹ̀ dúró ṣanṣan níbi tí wọ́n ti yọ fìlà. Ó ti rù. Nígbà tí Odile wọlé, ó mira bí ẹni fẹ́ dìde fún un.

"Ẹ káàbọ̀, màdáámù. Ẹ jókòó. Òtútù ti mú yín."

Odile jókòó. "Bàbá, Odile ni. Mo pẹ́."

"Kò burú. Ọ̀nà kì í dáa lásìkò yìí."

"Ẹ ní ẹ fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ ní ẹ ò bínú mọ́."

"Ta ló bínú?" Ó fara balẹ̀ wò ó, pẹ̀lú ojú àánú tí ènìyàn fi ń wo àlejò tó ṣìnà. "Ṣé ẹnìkan ń bínú sí yín ni?"

"Bàbá mi ni. Mo mú un kúrò nílé rẹ̀. Kò fẹ́ lọ."

"Ẹn-ẹ́n." Ó ronú sí i. "Ṣé ó ń tọ́jú ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Kò lè ṣe é mọ́."

"Ẹn-ẹ́n," ni ó tún wí, Odile sì di etí ibùsùn mú, ó ń retí. Ṣùgbọ́n Rosaire ṣílẹ̀kùn ní àkókò yẹn, yìnyín lórí bàtà rẹ̀, ojú arúgbó náà sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ta nìyí? Ṣé òun ló gbé ọbẹ̀ wá?"

"Màá lọ gbé e wá," ni Rosaire wí jẹ́jẹ́, ó sì padà jáde.

Wọ́n sùn sí ilé ìtura kan nísàlẹ̀ abúlé, wọ́n padà wá láàárọ̀ nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa. Bàbá kí wọn dáadáa. Ó pè é ní màdáámù.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sátidé kì í kọjá kí Odile má lọ. Rosaire máa ń fẹ́ bá a lọ, ṣùgbọ́n Odile fẹ́ràn kí òun máa dá lọ. Ó ti mọ ọ̀nà náà báyìí. Ó máa ń dúró díẹ̀ ní Rivière-du-Loup, ó máa ń dúró díẹ̀ ní Rimouski, bí nọ́ńbà bá ti dé ibi tó máa gbé e débi tó kàn, á tú okùn, á lọ, kì í wo ẹ̀yìn. Ó máa ń débẹ̀ kí wọ́n tó pín oúnjẹ ọ̀sán. Orí bàbá kò tún pé bí ti ọjọ́ yẹn mọ́. Ó máa ń sọ̀rọ̀ ṣá, ó máa ń sọ nípa àwọ̀n tó ya, nípa ìkùukùu tó bo èbúté nígbà kan, nípa obìnrin kan tó máa ń kọrin bí ó ti ń sá ẹja sóòrùn, tí kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Odile á fa àga sún mọ́ ọn, á sì tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀, nítorí kò mọ èwo nínú wọn ni ọ̀rọ̀ náà.